Èwo Ló Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Náwó Lé? Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Láti Dín Èéfín Kù àti Láti Mú Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Wọ Èbúté Etíkun Wa

Ní ọdún 1975, ọkọ̀ òkun tó lé ní irínwó ló tò sórí omi níwájú Èkó, nítorí pé sìmẹ́ǹtì tí ìjọba rà lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ ju ohun tí èbúté Àpápá lè gbà lọ. Wọ́n wà lórí ìdákọ̀ró fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n ń jó epo, sìmẹ́ǹtì sì ń dì mọ́ inú òmíràn nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí wọ́n yára kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 1977. Nígbà tó fi máa tó bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ìlà ti kúrò lórí omi, ó ti gun òkè wá bá àwọn ará ìlú: ọkọ̀ àjàgbé ló tò láti ẹnu ọ̀nà èbúté, ó gba Ìjọrà, ó gun afárá Èkó, ó sì dé ọ̀kánkán pápá ìṣeré Sùúrùlérè.

Ẹni tí mo kọ ìfiwéra yìí fún ni ẹni tó ní láti yan: òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé ìwé ìnáwó ka iwájú rẹ̀, aṣòfin tó fẹ́ béèrè ìbéèrè tó nítumọ̀, àti olùgbé etí èbúté tí wọ́n ń ṣèlérí “èbúté aláwọ̀ ewé” fún láì sọ ohun tó jẹ́. Owó kì í pọ̀ tó láti ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdájọ́ tèmi ni pé ibi tí èéfín ti ń wọ imú ènìyàn jù lọ ni kí owó kọ́kọ́ lọ, àti pé ní Èkó, ìdí ọkọ̀ àjàgbé tó dúró sójú kan ni ibẹ̀ wà.

Irú èbúté wo ni a ní?

Irú èbúté méjì ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kí a tó fi ohunkóhun wéra. Èkíní ni èbúté tí ẹrù ti ń bọ́ sílẹ̀ tó sì ń gba inú ìlú kọjá lọ sí ọjà, bí Àpápá, Tin Can àti Kùtọnú. Èkejì ni èbúté tí ọkọ̀ ńlá ti ń já kọ̀ntéènà sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó kéré sí i tó wá gbé e lọ sí èbúté mìíràn, tí púpọ̀ nínú ẹrù náà kò sì ní fojú kan títì ìlú náà rárá. Lómè ni àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa jù lọ nínú irú kejì yìí. Omi ibẹ̀ jìn ju mítà 16 lọ, èyí sì jẹ́ kí ibùdó kọ̀ntéènà Lomé Container Terminal, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun MSC sì ní ìpín nínú rẹ̀, lè gba ọkọ̀ tí Àpápá kò lè gbà.

Ìyàtọ̀ yìí ló ń pinnu èyí tó kù. Ní èbúté ìpààrọ̀ bíi Lómè, kíréènì àti ọkọ̀ òkun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́, nítorí náà àwọn ni ó yẹ kí iná mànàmáná kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní èbúté bíi Àpápá, kọ̀ntéènà kọ̀ọ̀kan tó bọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò gbé e la ìlú tó kún fún ènìyàn já, bó bá sì ṣófo tán, ó tún gbọ́dọ̀ padà. Ẹni tó bá wo ohun tí Lómè ṣe, tó sì gbé e wá sí Àpápá láì ro èyí, yóò ra ẹ̀rọ tó dára gan-an fún ìṣòro tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìlà ọkọ̀ àjàgbé: ètò orí fóònù, ojú irin, tàbí báàjì

Ẹni tó bá gba Ìjọrà kọjá ní 2019 kò ní gbàgbé ohun tó rí. Ọmọ ọkọ̀ na ẹní sábẹ́ tírélà, ó gbé sítóòfù kalẹ̀ lẹ́bàá táyà, ó ń se ìndómì. Awakọ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, nítorí pé bí ìlà bá sún ìwọ̀n ọkọ̀ kan péré tí kò sì tètè sún, ẹlòmíràn yóò kó sí àyè náà. Ó ń tan ẹ́ńjìnnì, ó ń sún, ó ń pa á, ó tún ń tan án, èéfín dúdú sì ń tú jáde nígbà gbogbo tó bá tan án, nítorí ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún ní òkè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kì í tilẹ̀ í ṣe ẹrù: kọ̀ntéènà òfìfo ni, tó ń lọ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Bí kọ̀ntéènà amóhuntutù bá sì wà nínú ìlà, tó kó edé tó fẹ́ lọ òkèèrè, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sinmi tọ̀sán-tòru.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ti gbé wá láti tú ìlà yìí ká, ó sì yẹ kí a gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Èyí tó rọrùn jù ni ètò ìpè orí ayélujára tí Àjọ Èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021 pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Truck Transit Park, tí wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Ètò, orúkọ tó sọ ohun tó wà fún gan-an. Ọkọ̀ yóò dúró sí ibùdó tí a fọwọ́ sí, yóò gba àkókò rẹ̀ lórí fóònù, kò sì ní jáde títí wọn yóò fi pè é. Kò sí ilẹ̀ tí a gbẹ́, kò sí irin tí a tẹ́, síbẹ̀ ojú afárá mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àìlera rẹ̀ ni pé kò dín iye ọkọ̀ tó ń wọ èbúté kù pẹ̀lú ẹyọ kan. Ibi tí wọ́n ti ń dúró nìkan ló yí padà. Ó tún gbára lé òtítọ́ ọwọ́ ènìyàn, nítorí pé bí ẹnìkan bá lè sanwó lẹ́yìn láti fo ìlà, tàbí bí àwọn kan bá dá ọkọ̀ dúró ní ibi tí ètò náà kò mọ̀ nípa rẹ̀, ohun tó wà lórí fóònù àti ohun tó wà lójú títì á di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra irú ètò yìí fún èbúté tirẹ̀, kó béèrè bóyá yóò máa tẹ iye wákàtí tí ọkọ̀ ń lò láti ibùdó dé inú èbúté jáde fún gbogbo ayé rí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá sí èyí, kò sí bí a ó ṣe mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ojú irin wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń mú ọkọ̀ kúrò lójú títì pátápátá. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn ní kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ní ẹ̀ka tó wọ inú èbúté Àpápá. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí ọkọ̀ ojú irin kan bá fa wágọ́ọ̀nù ogún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé kọ̀ntéènà ńlá kan lọ sí Mọníyà ní Ìbàdàn, ogún àjàgbé ni kò ní gun òpópónà Èkó sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Lóòótọ́ dísẹ́ẹ̀lì ni orí ọkọ̀ ojú irin náà ń jó, àmọ́ irin lórí irin fúyẹ́ láti fà ju táyà lórí ọ̀dà lọ, èéfín tó bá kan kọ̀ntéènà kọ̀ọ̀kan sì kéré gan-an sí ti àjàgbé. Ìṣòro rẹ̀ wà ní ìkángun méjèèjì. Ní Àpápá, a nílò àyè tí wọn yóò ti máa gbé ẹrù lé wágọ́ọ̀nù láì dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní Mọníyà, àwọn aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ gbà láti yẹ ẹrù wò níbẹ̀, kí oníṣòwò Ìbàdàn má baà tún sáré wá sí Èkó nítorí ìwé. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kùnà, irin yóò wà nílẹ̀, ẹrù yóò sì máa gba títì lọ.

Báàjì, ìyẹn ọkọ̀ pẹlẹbẹ akẹ́rù tí ọkọ̀ kékeré ń fà lórí omi, wà láàárín. Ọ̀sà ti wà nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ẹ, báàjì kan sì lè gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ntéènà lẹ́ẹ̀kan láti Àpápá tàbí Tin Can lọ sí Ìkòròdú láì fọwọ́ kan títì Èkó rárá. Fún ẹrù tó ń lọ sí ìhà Ìkòròdú àti Ṣágámù, n kò rí ohun tó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti gbé kọ̀ntéènà náà lẹ́ẹ̀mejì sí i, owó sì ni èyí. Òkú ọkọ̀ tó rì sínú ọ̀sà ń wu báàjì léwu lóru. Koríko ojú omi tó ti ń bo ọ̀sà wa lọ́dọọdún láti àárín ọdún 1980 sí 1990 tún ń dí i lọ́nà. Ẹ̀rọ ọkọ̀ kékeré tó ń fa báàjì sì lè ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí èéfín rẹ̀ yóò fi jẹ èrè tí a rò pé a jẹ, nítorí náà ìwé àṣẹ báàjì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń yan fún Èkó, ètò orí fóònù ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ kéré, ojú irin ni n ó fi gbé ẹrù Ìbàdàn àti ti òkè ọya, n ó sì fi báàjì sílẹ̀ fún ẹrù tí kò jáde kúrò ní agbègbè ọ̀sà. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí àkọ́kọ́ sí òpin iṣẹ́.

Iná mànàmáná: kíréènì inú ọgbà tàbí wáyà sí ọkọ̀ òkun?

Ibí ni àwọn oníròyìn ti máa ń dà á pọ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní “fífi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ èbúté”.

Àkọ́kọ́ ni kíréènì ẹlẹ́sẹ̀ táyà, èyí tó ga bí ilé alájà mélòó kan, tó ń yí láàárín àwọn kọ̀ntéènà tí a tò léra nínú ọgbà. Èyí tó wọ́pọ̀ ń gbé jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ ká, ó sì ń jó epo bó tilẹ̀ kàn dúró tó ń retí ẹrù. A lè yọ jẹnẹrétọ̀ náà, kí a fa wáyà láti orí ilẹ̀ sí i. A sì lè ra èyí tó ní bátìrì nínú, tó ń gba agbára padà nígbà tó bá ń sọ kọ̀ntéènà kalẹ̀. Irú èyí lè dín epo kù tó ìdajì láìjẹ́ pé a fa wáyà kankan. Èkejì ni wáyà ńlá tí a ń fà láti etí èbúté sínú ọkọ̀ òkun, kí ọkọ̀ náà lè pa ẹ́ńjìnnì tó fi ń tan iná àti fìríìjì rẹ̀ nígbà tó bá gúnlẹ̀.

Gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyàtọ̀ yóò yọ. Kíréènì jẹ́ ti èbúté fúnra rẹ̀, a lè yí i padà lọ́kọ̀ọ̀kan bí owó bá ṣe ń wọlé, owó dísẹ́ẹ̀lì tí a kò ná mọ́ sì ń san gbèsè rẹ̀. Wáyà ọkọ̀ òkun gbára lé pé kí ọkọ̀ tó dé ní ihò tí wáyà yóò wọ̀. Ó ń fẹ́ iná alágbára ńlá, fóltì (volt) 6,600 tàbí 11,000. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ń lo iná hertz 60 (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), nígbà tí iná ilẹ̀ wa jẹ́ hertz 50, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ tí yóò máa yí i padà, ẹ̀rọ náà sì wọ́n. Ọkọ̀ kọ̀ntéènà kan ṣoṣo lè gba mẹ́gáwáàtì kan sí mẹ́ta, tó túmọ̀ sí pé bí iná ìjọba bá ṣẹ́jú bó ṣe máa ń ṣẹ́jú nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wó lulẹ̀, inú ọkọ̀ náà yóò ṣókùnkùn pẹ̀lú gbogbo ẹja tútù tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀gákọ̀ tí yóò gba irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ńlá kan lẹ́yìn ọgbà ni a fi ń pèsè iná ọ̀hún, èéfín ọkọ̀ ni a kàn gbé kúrò lójú omi wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn ènìyàn.

Ibùdó kọ̀ntéènà kejì ti Abidjan, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òpin ọdún 2022, lo kíréènì onínáàmànàmáná nínú ọgbà, ó sì ra àwọn ọkọ̀ afàjàgbé tó ń lo bátìrì. Ó bọ́gbọ́n mu níbẹ̀, nítorí pé Côte d'Ivoire ń ta iná fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ní Èkó, ibùdó kan lè fa wáyà fún kíréènì rẹ̀ kó sì fi ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì pèsè iná náà ní báyìí. Lọ́jọ́ tí iná ìjọba bá dúró dáadáa, tàbí tí agbára oòrùn bá pọ̀ tó, orísun iná ni yóò yí, kíréènì kò ní yí. Èyí ni ìdí tí mo fi gbé kíréènì síwájú láì ṣiyèméjì.

Síbẹ̀, kí a má ti ilẹ̀kùn mọ́ wáyà ọkọ̀ òkun. Láti ọdún 2030, òfin Yúróòpù yóò fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ kọ̀ntéènà ńlá àti ọkọ̀ èrò lo iná orí ilẹ̀ ní àwọn èbúté pàtàkì ibẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tó ní ihò wáyà yóò pọ̀ sí i lórí òkun, díẹ̀ nínú wọn yóò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí a bá ń tún etí èbúté kọ́, kí a sin páìpù tí wáyà yóò gbà kọjá lọ́jọ́ iwájú. Páìpù òfìfo nínú kọnkéré tuntun kò ná wa ní nǹkan púpọ̀. Fífọ́ kọnkéré náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò ná wa ní ọ̀pọ̀.

Ohun kan tún wà tí a máa ń gbàgbé nítorí pé kò ní ẹ̀rọ ńlá tí a lè ya fọ́tò rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020, òfin àgbáyé ti dín imí ọjọ́ (sulphur) tó lè wà nínú epo ọkọ̀ òkun kù láti ìdá 3.50 sí ìdá 0.50 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti bu epo díẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò kò gbà ju òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ àti yàrá àyẹ̀wò lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀, kò sí èyí tí èrè rẹ̀ pọ̀ tó báyìí fún owó díẹ̀.

Ìwé àti ẹ̀rọ ayẹrùwò

Lórí èyí n kò ní pẹ́. Síngápọ̀ ti ń fi ìwé ẹrù ránṣẹ́ lójú kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba ti jọ ń rí i, láti ọdún 1989. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ òkun sọ ọ́ di dandan láti oṣù kìíní ọdún 2024 pé kí èbúté máa gba ìwé ọkọ̀ òkun lójú kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ, Nàìjíríà sì kéde irú ètò bẹ́ẹ̀ fún òwò ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún kan náà. Láàárín pé kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ra kọ̀ǹpútà tirẹ̀ àti pé kí gbogbo wọn jọ lo ojú kan, èkejì ni kí a yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dunni ju èkíní lọ, nítorí pé ó ń gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ́ lára láti fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ntéènà bá fi dúró de òǹtẹ̀, wọn yóò tún un tò, kíréènì yóò tún un gbé, epo yóò sì tún jó.

Ní ti ẹ̀rọ ayẹrùwò, ìtàn tiwa ti kọ́ wa. Wọ́n ra àwọn kan sí èbúté wa, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn sì fà wọ́n lé ìjọba lọ́wọ́ ní ìparí ọdún 2013. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dákẹ́, tí wọ́n tún padà sí títú ẹrù kalẹ̀ láti fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí a bá ń fi ẹ̀rọ méjì wéra, kí a fi owó ìtọ́jú ọdún mẹ́wàá àti ti ẹ̀yà ara rẹ̀ kún iye rẹ̀ kí a tó sọ pé ọ̀kan pọ́ọ́kú.

Kí a tún ti àtijọ́ ṣe, tàbí kí a kọ́ tuntun?

Èbúté Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí ẹrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á kọjá ní oṣù kẹrin ọdún náà, jin tó mítà 16.5. Ọ̀nà omi tó wọ Àpápá kò jù bíi mítà 13 àti ààbọ̀ lọ. Ọkọ̀ ńlá kan tó kó ẹrù ọkọ̀ kékeré méjì ń jó epo tó kéré sí tiwọn lórí kọ̀ntéènà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tuntun sì rọrùn láti tò sórí ilẹ̀ tuntun. Ohun tó dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣí i láìsí ojú irin, ẹrù tó bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ sì ń bá àwọn ará Ìbẹ̀jù, Ẹ̀pẹ́ àti Àjàh pín ojú títì kan náà. Bí irin kò bá tètè dé ibẹ̀, a ó wulẹ̀ ti ṣí Ìjọrà mìíràn ní ìlà oòrùn ni.

Ohun kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú èéfín, ó sì dùn mí pé wọn kì í kà á mọ́ ìnáwó. Iyanrìn etíkun wa ń rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ògiri òkúta tí a bá nà sínú òkun yóò dá a dúró sí apá kan, òkun yóò sì máa jẹ ilẹ̀ ní apá kejì. Lẹ́yìn tí wọ́n na ògiri ẹnu ọ̀sà Èkó láti nǹkan bí ọdún 1908, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Victoria, ó sì ń jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté Kùtọnú àti ti Lómè ní àwọn ọdún 1960, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wó sínú omi ní ìlà oòrùn Kùtọnú àti ní ìhà Aného ní Tógò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èbúté tuntun gbọ́dọ̀ ka owó fífa iyanrìn láti apá kan sí èkejì, lọ́dọọdún, mọ́ iye tí èbúté náà jẹ́. Bí a bá kà á mọ́ ọn, àtúnṣe Àpápá àti Tin Can máa ń wúni lórí ju bó ṣe rí lórí ìwé lọ.

Ibi tí yíyàn náà ti ń di òfin

Fún èbúté ìpààrọ̀ bíi Lómè, kíréènì onínáàmànàmáná ló ṣáájú, wáyà ọkọ̀ òkun sì lè tẹ̀ lé e bí iná bá dúró. Fún Lẹ́kí, ojú irin ló ṣáájú ohun gbogbo. Fún Àpápá àti Tin Can, kí a mú ọkọ̀ kúrò lójú títì, kí a yí kíréènì padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì sin páìpù sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú.

Ìjọba fúnra rẹ̀ kò ra ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fi ibùdó èbúté lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní 2006. Àdéhùn ibùdó kọ̀ntéènà Àpápá, tó jẹ́ ti ọdún 25, yóò parí ní 2031. Kí wọ́n tó tún un kọ, ohun mẹ́ta ni kí wọ́n kọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú iye àti ọjọ́: kíréènì mélòó ni yóò ti kúrò lórí dísẹ́ẹ̀lì ní ọdún wo, kọ̀ntéènà mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò gba ojú irin tàbí omi jáde, àti wákàtí mélòó ni ọkọ̀ àjàgbé kan lè lò láti ibùdó ìdúró títí yóò fi jáde kúrò ní ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú owó ìtanràn tí ilé-iṣẹ́ náà yóò san bí ó bá ré e kọjá.